Àtíkè Adétọ́lá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Susan jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ọwọ́ náà ti ń fọ ìgbẹ́ kúrò lára àwọn arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ó ti nu itọ́, ó ti nu ikun, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gba èébì kó má baà ta sórí ibùsùn aláìsàn. Kò di imú rí, kò sì fajú ro rí. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run gbàgbé láti fi imú sí Susan lójú. Òun a rẹ́rìn-ín, a ní kò sí ìríra nínú ohun tó bá ń bọ́ ọmọ òun.

Olúwapẹ̀lúmi lọmọ náà, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Laurelton ní New York ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Erékùṣù kan lọ́hùn-ún ni Pẹ̀lúmi ti kàwé dókítà, ó sì ti kà á parí, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, kíkà á parí ò tíì sọ èèyàn di dókítà. Ilé ìwòsàn kan gbọ́dọ̀ gbà ọ́ sọ́dọ̀ láti kọ́ṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan kó o tó lè dá aláìsàn wò. Residency ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó gbà ọ́, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí: ìwọ á jókòó nílé rẹ, àwọn náà á jókòó sí tiwọn, ojú lásán ni yóò pàdé. Lọ́dún tó kọjá, kò sí ilé ìwòsàn kan tó mú Pẹ̀lúmi. Lọ́dún yìí, ọ̀kan péré ló pè é, ní Brooklyn. Bí eléyìí bá tún bọ́, Susan mọ̀ pé ó ti bọ́ pátápátá nìyẹn, nítorí pé wọn kì í ra ọjà tó ti pẹ́ lórí àtẹ.

Ilé ìwòsàn kan náà pe Adétọ́lá.

Ta ni Adétọ́lá? Ọmọ Doyin ni, Doyin tí òun àti Susan jọ sùn lórí ẹní kan náà nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́. Ìbàdàn lọmọ náà ti kàwé dókítà tirẹ̀. Nígbà tó dé New York, Susan fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, tó fún un ní yàrá abẹ́ ilé, tó ní kó máa pe òun ní Mọ́mì. Lọ́jọ́ tí ìwé ilé ìwòsàn dé, ó dì mọ́ ọn, ó jó fún un ní kíṣìnnì. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí àwo ìyàgbẹ́. Èrò tó wá sí i lọ́kàn níbẹ̀ bá ibi tó jókòó sí mu. Ó ní àwọn òyìnbó ò lè mú èèyàn dúdú méjì láti inú ilé kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

*

Ẹ má rò pé ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni ọṣẹ ìyọ́nú ti wà nínú ilé ìwẹ̀ òkè. Oníṣègùn kan ní Ìkìrun, Muhideen, tó ń fi fóònù ṣe ìṣègùn fún àwọn tó wà lókè òkun, ló ṣe é. Susan sọ fún Pẹ̀lúmi pé ọṣẹ irorẹ́ ni. Ọmọ náà sì ń fi wẹjú láàárọ̀ láìjanpata, nítorí pé kì í yẹ ìyá rẹ̀ lọ́rọ̀ wò.

Lọ́sẹ̀ tí ìwé Adétọ́lá dé ni eèrà bo ọṣẹ náà. Òtútù ti mú nígbà yẹn, ewé ti wọ́ dànù lórí igi gbogbo òpópónà, eèrà kankan ò sí níta. Síbẹ̀ wọ́n bò ó pitimu. Nígbà tí Susan fi omi lé wọn, ọṣẹ náà là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ kó aṣọ tó dọ̀tí. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Adétọ́lá dúró níwájú dígí, ó fi itọ́ sí ìka, ó ń fi pa àwọn gbẹ́rẹ́ wínníwínní kan tó wà níbi tí irun orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Susan gbọ́: "Orí mi, má gbà á."

Ara Susan bù máṣọ. Obìnrin tó ń fi ọṣẹ Ìkìrun wẹ ọmọ rẹ̀ lójú, tó sì ń to èèyàn sórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní ìbọ̀rìṣà ti wọlé òun. Ó ní ọmọ Doyin ló pa ọṣẹ Pẹ̀lúmi. Kò sì yọ̀ǹda fún ọkàn rẹ̀ láti rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

*

Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti pe Muhideen, níbi tó páàkì sí nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní St. Albans. Ó sọ fún un pé ọmọ kan fẹ́ gba ipò mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́, àti pé orí ọmọ náà le. Muhideen ní bí orí bá le, a kì í fọwọ́ kan orí, ojú là ń bá a jà. Ó ní òun ní nǹkan kan.

"Mọ́mì, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni sí i," ló wí. "Oògùn yìí ò mọ orúkọ, ojú ló mọ̀. Ojú tó bá kọ́kọ́ wo ẹni tó fi para, ojú yẹn ni yóò máa rí i bí ohun tó ti rà, títí ayé. Kó ṣáà ti kùn ún kó tó wọlé bá àwọn ọ̀gá."

Susan ò sọ fún un pé orí kọ̀ǹpútà ni, pé kò sí ilé tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wọ̀. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Èkó ló bá wọn gbé e wá, nínú àpò èlùbọ́. Inú agolo Robb kékeré ni wọ́n rọ ọ́ sí, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi òwú dúdú dì í. Nígbà tí Susan tú u, òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ẹja tó bàjẹ́, lẹ́yìn náà ó dà bí egbò ẹsẹ̀ arúgbó tí wọn ò tú bándéèjì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà kò jọ nǹkan kan tó mọ̀ mọ́. Ó dúdú, ó ń yọ̀, irun kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti èèyàn. Muhideen ní igún wà ńbẹ̀, ìdin wà ńbẹ̀, ìyókù kó má béèrè.

Kí oògùn náà tó jí, ẹnu ẹni tó ń rán an gbọ́dọ̀ gbà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ méjèèjì jáde, Susan gbé àtíkè ojú Adétọ́lá wá sórí tábìlì ìdáná, níbi tó ti ń ṣètò oúnjẹ fún wọn jẹ. Ó fi ìka bu oògùn díẹ̀ láti inú agolo, ó gbé e lé ahọ́n, ó sì fi ẹnu mú un títí itọ́ fi kún ẹnu rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, èébì gbé e. Ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó dá a padà. Ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú àtíkè náà, ó pò ó pọ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi jọ ti tẹ́lẹ̀. Ó dá àtíkè padà sí yàrá abẹ́ ilé. Ó wá gé tòmátì fún ọbẹ̀ alẹ́ lórí tábìlì kan náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ń rí mi lára.

*

Arúgbó tí Susan ń tọ́jú nígbà yẹn ní St. Albans ni Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Àtọ̀gbẹ ti fọ́ ọ lójú pátápátá láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Susan ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bàbá náà gbé orí sókè, ó ń fi imú wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Ó béèrè bóyá eku kú sínú ilé. Susan ní rárá. Lazarus ní kó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, bàbá náà rọra yí ojú rẹ̀ sí ògiri, ó ní ó ti dára, òun á wẹ ìyókù fúnra òun.

Nílé, Adétọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Láàárọ̀, bó bá ti dìde, Susan á gbọ́ ọ láti òkè, á sín, á sín, á tún sín. Susan á dúró sídìí àtẹ̀gùn, á máa retí kí igbe ta. Kò sí igbe kankan. Ọmọ náà á gòkè wá, ojú rẹ̀ á máa dán, á kúnlẹ̀ kí Mọ́mì rẹ̀, á sì lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Adétọ́lá pé. Susan gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó dúró ní kíṣìnnì, ó dẹ etí sílẹ̀. Ohùn ọmọ náà ń lọ geerege. Lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń bi í léèrè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì ń wọ inú ilẹ̀ kíṣìnnì wá bá Susan ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó parí, Adétọ́lá sáré gòkè, ó ní kí Mọ́mì bá òun dúpẹ́, pé ọ̀rọ̀ yẹn lọ dáadáa.

Susan wo ojú rẹ̀. Kò sí àtíkè kankan níbẹ̀. Ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní kí ló dé tí kò ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

"Powder yẹn ló ń mú mi sín, mà," Adétọ́lá dáhùn. "Màmá àgbà rí mi lórí video call, wọ́n ní kí n yéé lò ó. Wọ́n ní ohun tí orí èèyàn bá ti kọ̀, kéèyàn má fipá fún un."

Màmá àgbà yìí ni ìyá tó bí Doyin. Susan mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú bí i débi tí nǹkan fi ń dún nínú etí rẹ̀, ó sì gòkè lọ dùbúlẹ̀. Inú tó bí i yẹn ni kò jẹ́ kó béèrè ibi tí ọmọ náà gbé àtíkè sí.

*

Ọjọ́ Pẹ̀lúmi dé. Yàrá òkè ni wọ́n tún ṣe fún un. Susan fúnra rẹ̀ ló ta aṣọ funfun sí ẹ̀yìn àga, ló lọ táì rẹ̀. Pẹ̀lúmi gbé iná róbótó tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń ya àwòrán síwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àkókò kù díẹ̀, Susan jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi iwájú orí kan igi ilẹ̀kùn.

Ó gbọ́ tí wọ́n kí i. Ó gbọ́ tí Pẹ̀lúmi dáhùn, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ní kó sọ ìdí tó fi fẹ́ di dókítà. Ó sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí ìyá rẹ̀ létí rí. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Ó ní ìyá òun ti fọ ara àwọn àjèjì láìfajú ro, pé bó bá délé ní ìrọ̀lẹ́ á gbé ọwọ́ náà lé òun lórí, òun á sì mọ̀ pé kò sí ohun ìríra kan lára ọmọ èèyàn.

Omi bọ́ lójú Susan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Pẹ̀lúmi dákẹ́. Ẹnì kan bi í léèrè bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, kò parí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn ní ohùn kékeré, ó ní ta ni ẹni tó wà ní igun ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ní Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ ni, àwòrán tirẹ̀ ni. Susan gbọ́ ariwo àga tó ṣubú, ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bì.

Nígbà tó ti ilẹ̀kùn wọlé, Pẹ̀lúmi ti pa kọ̀ǹpútà dé, ó kúnlẹ̀ sídìí ògiri, ó fi apá méjèèjì bo ojú. Àtíkè Adétọ́lá wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná róbótó, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Kí lo fi pa ojú?" Susan bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rí i.

"Iná yẹn ń jẹ́ kí ojú mi dán, Mummy. Tọ́lá ní òun ò lo powder yẹn mọ́, she left it in the bathroom." Yorùbá rẹ̀ tó máa ń lọ gbọọrọ láìsí òkè láìsí ìsàlẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Camera ni mo fi ṣe mirror. Mummy, nǹkan ń jẹrà ní ojú mi. Ẹ bá mi wò ó."

Susan wò ó. Ojú ọmọ rẹ̀ ni, ojú tó fi jọ bàbá rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ojú Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò ó, òun nìkan ló sì ń rí i. Àwọn ọ̀gá tó wà lórí kọ̀ǹpútà ò rí ju ọmọkùnrin tí inú ń run. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí fo Susan, ó lọ bá ọmọ inú rẹ̀.

*

Ó fi omi gbóná fọ̀ ọ́, ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó fi òróró ṣọ́ọ̀ṣì pa á. Ohun tó wà níbẹ̀ ò lọ. Pẹ̀lúmi fi aṣọ bo gbogbo dígí ilé. Kò lè mu omi nínú ife, nítorí pé ó ń rí ojú rẹ̀ nínú omi. Kò lè wo fèrèsé bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìwé ilé ìwòsàn dé, ìwé tó kún fún àánú: wọ́n ní àwọn rí i pé ara rẹ̀ ò yá lọ́jọ́ náà, àwọn sì fún un ní ọjọ́ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ka ìwé náà, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ gbé lọ?

Susan pe Muhideen, ó ní kó fún òun ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Muhideen béèrè ta ló kọ́kọ́ wò ó nínú yàrá. Susan ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, orí kọ̀ǹpútà ni.

"Kọ̀ǹpútà kẹ̀?" Muhideen wí. "Mọ́mì, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Láti ìgbà náà, bí Susan bá pè é, fóònù á kàn máa dún ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó gbọ́ ariwo kan nínú ilé ìwẹ̀, ariwo bí ìgbà tí wọ́n bá ń ha ìkòkò. Ó ti ilẹ̀kùn ṣí. Pẹ̀lúmi dúró nínú òkùnkùn, ó mú kànìnkàn onírin tí Susan fi ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, ó ń fi ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ọrùn aṣọ rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bínú, ó kàn tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ó mọ́.

Susan gba kànìnkàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bí, ó sì jẹ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti agolo, ti ahọ́n, ti tábìlì ìdáná.

Adétọ́lá ò pariwo. Ó rọra wọ́ àga rẹ̀ sẹ́yìn kí aṣọ Susan má baà kàn án lẹ́sẹ̀.

"Mọ́mì, inú ìkòkò yín ni mo ti ń jẹun," ló wí.

Kì í ṣe Susan ló ń wò, òkè ni, níbi tí Pẹ̀lúmi ti ń rìn síwá sẹ́yìn lókè orí wọn. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó ní nítorí Pẹ̀lúmi ni o, kì í ṣe nítorí tiyín. Ó pe ìyá ìyá rẹ̀.

*

Ojú màmá náà kún fóònù láti etí dé etí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ó ní kí wọ́n yí fóònù sí Susan.

"Ṣé ìwọ Susan tó máa ń tẹ̀ lé Doyin wálé wá jẹun lọ́dọ̀ mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ahọ́n tó o fi lá àwo mi lo fi jí oògùn dé ọmọ mi."

Susan dojú bolẹ̀. Màmá ò ṣépè, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní ahọ́n ló gbé e wá, ahọ́n ni yóò gbé e lọ. Kí Susan lá a kúrò lójú ọmọ rẹ̀, kó má ku ibì kan, ìpéǹpéjú pàápàá. Kó má tu ú dànù, kó gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò bọ́ sí ojú tirẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wò ó ni yóò máa ríra rẹ̀ dọjọ́ alẹ́.

"Yan ẹni náà dáadáa," màmá wí, ó sì pa fóònù.

Ẹ wo obìnrin yìí. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kí omi ojú tó gbẹ, ọgbọ́n ti tún wọ orí rẹ̀. Lazarus ló rántí. Ó ní òun á gbé ojú òun lọ fún afọ́jú. Ojú tí kò ríran ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ òun, oògùn á já sí òfo, òun á sì bọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnìkan ṣáà gbọ́dọ̀ bá a gbé ẹrù rẹ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe é. Adétọ́lá jókòó sínú ọkọ̀ níta láti wà á lọ sí St. Albans, ó yí ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, Susan sì ti gbé ìborùn ńlá kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú yàrá òkè, tí yóò fi bo ojú bọ́ sóde. Pẹ̀lúmi jókòó lórí àga tí wọ́n fi ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Susan sọ fún un pé kó di ojú méjèèjì, kó má ṣí i, ohun yòówù kó gbọ́, títí òun á fi jáde. Ó mú un búra. Pẹ̀lúmi búra, ó sì dijú.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí. Àtíkè ti kúrò lójú náà láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ nígbà tí ahọ́n Susan kàn án, ó bá a níbẹ̀. Ó nípọn, ó ń fà bí ikun, ó ní irun nínú. Òórùn agolo Robb kún imú rẹ̀. Ó lá iwájú orí, ó gbé e mì. Ó lá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún níbi tí kànìnkàn ti ha á, èépá egbò àti ohun tó ń yọ̀ bá ara wọn lọ sí ọ̀fun rẹ̀. Inú rẹ̀ tì í padà, ó fi ọwọ́ di ẹnu, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tí kì í ríra ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dé sí. Ohun kan ń rìn lábẹ́ awọ ojú tirẹ̀, ó ń ràn láti ẹnu lọ sí imú, láti imú lọ sí ojú.

Ìpéǹpéjú ló kù. Ó lá ti òsì. Ó lá ti ọ̀tún, ó gbé e mì, ó na ọwọ́ sí ìborùn.

Pẹ̀lúmi mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sójú, ó fi ìka rin ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rin imú, ó rin àgbọ̀n. Ohùn ayọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ kékeré.

"Mummy, it's gone. Ó ti lọ."

Ó sì ṣí ojú rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ìborùn ò tíì dé èjìká Susan. Wọ́n wo ara wọn. Susan rí ìmoore lójú ọmọ náà, ó sì rí i bí ìmoore náà ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lúmi fà sẹ́yìn títí àga fi kan ògiri. Ó gbìyànjú láti má ṣe é, ẹ gbà mí gbọ́, ó fi eyín di ètè, ó tún fi tipátipá gbé ojú wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo imú.

"Mummy, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ìta."

*

Pẹ̀lúmi padà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n fún un. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Kẹta, ilé ìwòsàn náà mú Pẹ̀lúmi. Ó mú Adétọ́lá pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì, láti inú ilé kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Susan, pásítọ̀ dì mọ́ ọn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Obìnrin tó dára ni wọ́n rí. Adétọ́lá ti kó jáde ní tirẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná, kò dúró jẹun.

Pẹ̀lúmi ń gbé ní East Flatbush báyìí, nítòsí ibi iṣẹ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kì í yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan tí Susan gbàgbé, tó gbé ìpè náà pẹ̀lú àwòrán, ó gbọ́ ohùn èébì kí ìpè tó já. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, Susan wà lọ́dọ̀ Lazarus, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún un. Tiffany, ọmọ bàbá náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán lórí fóònù pẹ̀lú àwòrán ni. Susan béèrè ìdí tí wọ́n fi ń yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú àwòrán nígbà tí bàbá ò ríran. Lazarus rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ lòun ò rí i, ṣùgbọ́n ó máa ń wu ọmọ náà láti rí òun. Ó ní kí nìdí tí ọmọ tìrẹ, dókítà, kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Fóònù Susan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Pẹ̀lúmi ni. Susan gbé abẹ èékánná sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó mú fóònù. Kó tó gbé ìpè náà, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò bo ojú kámẹ́rà.